Láàárín Ìkòkò Méjì

Ìbéèrè keje ló máa ń dá wa dúró. Àwọn mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀ kì í pẹ́ parí: ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, ìwé tí ẹ kà dé, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ṣé ẹ ti ṣègbéyàwó. Ẹni tó bá mọ̀wé á fi bírò fa igi sínú àpótí kékeré tó wà níwájú ìdáhùn rẹ̀; ẹni tí ìwé bá ń ni lára, màá fa àga sún mọ́ ọn, màá kà á sí i létí. Bí a bá ti dé orí ìkeje ni bírò máa ń dúró: Ènìyàn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú yín?

"Ìkòkò ta ni, àǹtí?"

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Agbowó, nílùú Ìbàdàn, ló bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 2019. Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la yá, àga rọ́bà mẹ́jọ la tò yí tábìlì ká. Ọmọ náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ní ìkòkò ìyá òun wà ní Ìsẹ́yìn, òun a sì máa lọ jẹ nínú rẹ̀ nígbà Iléyá. Ìkòkò ìyàwó ọ̀gá òun wà níbi iṣẹ́, bó bá wu ìyẹn láti bu oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Òun àti ọ̀rẹ́ òun kan tún ní ìkòkò kékeré nínú yàrá tí wọ́n jọ háyà, ṣùgbọ́n gáàsì ti tán láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Èwo ni kí òun kà níbẹ̀?

Àwọn yòókù gbé orí kúrò nínú ìwé wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo wo ọ̀gá tó ń darí ìjókòó náà, ó na ìka kan sí mi. Mo kọ "1" sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ní ìkòkò mẹ́ta ṣe di ẹni tó ń dá jẹ nínú àtẹ wa.

Akọ̀wé ni mí níbi iṣẹ́ náà. FGD là ń pè é láàárín ara wa. Ènìyàn mẹ́fà sí méjìlá á jókòó yí ká, ẹnì kan á máa bi wọ́n léèrè, ẹnì kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ á wà lórí tábìlì láàárín wọn, fún wákàtí kan sí méjì. Ohun tí à ń wá lọ́dún náà ni bí àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 25 ṣe ń jẹun: kí ni wọ́n ń jẹ, kí ló ń mú wọn yàn án, kí ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ tó dára. Ojú ewé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù náà, tó ń béèrè ẹni tí ènìyàn jẹ́, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló kà á sí owó ibodè tí a gbọ́dọ̀ san kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, á di Àtẹ Kìíní nínú ìròyìn, àtẹ tí gbogbo ènìyàn ń fò kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Èmi náà máa ń fò ó, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn wọn lẹ́ẹ̀kejì lálẹ́, tí mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tí mo sì rí i pé kò sí ìdáhùn kan tó nítumọ̀ bí mi ò bá padà lọ wo ẹni tó sọ ọ́.

Ìbéèrè ìkòkò yẹn kì í ṣe àwàdà. Òun ni àwọn tó ń ka ènìyàn àti àwọn tó ń ṣèwádìí ìlera fi ń mọ ibi tí ilé kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan. Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Nínú agbo ilé ńlá ní Òjé, ààrò lè tó mẹ́fà lójú àgbàlá kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́ta sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ó lè yà jẹ níbòmíràn o, kò sí ìyàwó ilé tó ń lé ọmọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àlejò lòun níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ti kúrò nílé tí kò sì tíì ní ilé tirẹ̀ ni ìtumọ̀ yìí kò bá mu. Ó ti dìde nídìí ìkòkò kan, kò tíì dé ìdí èkejì. Irú wọn gan-an la sì pè wá jókòó láti bi léèrè oúnjẹ.

Ẹni tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i pé ìkòkò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni Kurt Lewin, Júù ará Jámánì tó sá lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1933, nígbà tí Hitler gorí oyè. Ìpínlẹ̀ Iowa ló ti ṣe iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ẹran gidi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé máa se kíndìnrín, ọkàn màlúù àti irú nǹkan inú ẹran bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ọ̀hún kò fẹ́ fojú kàn án. (Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí. Ní Ìbàdàn, ta ni yóò gbọ́ ìwàásù kó tó jẹ àbọ́dí?) Lewin kó ẹgbẹ́ mẹ́fà jọ láàárín àwọn obìnrin tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún Red Cross, ènìyàn 13 sí 17 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹgbẹ́ mẹ́ta: wọ́n sọ ti fítámì, wọ́n sọ ti ogun, wọ́n fún wọn ní ìwé bí a ṣe ń sè é. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́ta yòókù jókòó jíròrò láàárín ara wọn, kí wọ́n sì pinnu fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n padà lọ wádìí, 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ti se èyí tí wọn kò sè rí. Láàárín àwọn tó jókòó jíròrò, 32 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Gbogbo ẹni tó kọ́ iṣẹ́ wa ló mọ ìtàn 32 yẹn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé Lewin tún lọ bá àwọn ìyàwó ilé nínú ìlú kan, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún: olówó, àwọn tó wà láàárín, àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan, àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Czech wá, àti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ohun tó rí ni pé oúnjẹ kì í ṣàdédé dé orí tábìlì. Ó ń gba ọ̀nà wá, láti ọjà tàbí láti inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ibodè tí ẹnì kan dúró sí. Nílé àwọn tó bá sọ̀rọ̀, ìyàwó ilé ló sábà máa ń dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí oúnjẹ ilé kan yí padà, oníbodè ni kó lọ bá.

Robert Merton ti Yunifásítì Columbia ni ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní baba irú ìjókòó yìí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí rédíò láti 1941. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníbodè ló wọ̀ mí lára, torí ìgbà tí mo kà á ni mo tó mọ ohun tí ọmọ aránṣọ yẹn ń sọ fún mi. Oníbodè mẹ́ta ló ní: ìyá rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, àti gáàsì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ la bá jókòó, ọmọ mẹkáníìkì, ọmọ ajórin, ọmọ kápẹ́ńtà. Lórí fọ́ọ̀mù, bákan náà ni gbogbo wọn rí: ọkùnrin, ọdún 18 sí 22, ìwé mẹ́fà tàbí ìwé mẹ́wàá, àpọ́n. Ẹni tó ń darí wa béèrè ìdí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kì í fi jẹ ẹ̀fọ́ tó. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀fọ́ wà nísàlẹ̀ ìkòkò, àǹtí. Ẹni tó ń bù ú ló mọ ibi tí ṣíbí ń lọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì ya. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó ọ̀gá ló ń bu oúnjẹ: ọ̀gá ló kọ́kọ́ ń bù fún, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ iṣẹ́, bí wọ́n bá ṣe ṣáájú ara wọn dé. "Bí bàbá àti màmá bá jà lálẹ́," ọmọ ajórin kan sọ, "àwa la máa ń gbààwẹ̀ láàárọ̀." Òmíràn ní bí fùfú bá ti kéré nínú abọ́ òun, òun ti mọ̀ pé ọ̀gá kò fún ìyàwó rẹ̀ lówó ọjà. Wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń rò ó pé àpótí wo nínú fọ́ọ̀mù wa ló lè gba àlàáfíà inú ilé ọ̀gá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní èdè tiwọn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọn yóò kà fún yín: 0-1-0, 1-0-1, 0-0-1. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní 1-1-1, ọmọ olówó ni, tàbí irọ́ ló ń pa. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ fún wa pé 0-1-½ lòun, ó sì ṣàlàyé ààbọ̀ náà: gààrí tí a fi omi tútù àti ẹ̀pà mu láago mẹ́wàá alẹ́, tí ènìyàn kò lè pè ní oúnjẹ, tí kò sì lè sùn bí kò bá mu ún. Àpótí kan náà ni àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fa igi sí níbi owó tó ń wọlé lóṣù. Nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n fẹnu kà yẹn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọ́n tún ní nǹkan kan tó yẹ kí ẹnì kan jókòó kọ ìwé lé lórí, ìyẹn ìkòkò àjọdá. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yàrá kan á kó nǹkan jọ: ẹnì kan gbé ìrẹsì wá, ẹnì kan epo àti ata, ẹnì kan ló ni sítóòfù, ẹni tí kò ní nǹkan kan ló ń fọ abọ́. Á dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á mú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wá jẹun lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìkòkò á sì dàrú. Ọmọbìnrin tó sọ ìtàn yìí ní láti ọjọ́ tí ìkòkò wọn ti dàrú lòun ti ń jẹ ìndómì lójoojúmọ́. Ohun tó wọ inú ìròyìn ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn oúnjẹ tí kì í pẹ́ jinná. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, mi ò sì sọ̀rọ̀. Mo kéré níbi iṣẹ́ nígbà náà.

Ìkòkò tó ń wọkọ̀ náà wà. Ìyá á di ẹ̀lùbọ́, gààrí, ata gbígbẹ àti ẹja yíyan sínú páálí, á gbé e fún dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì ní Òkìtìpupa, á kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ọmọ á lọ gbà á ní Ìwó Róòdù. Oṣù méjì ni yóò fi máa jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ìyá náà kò sì ní sí nínú àtẹ wa. A kọ "1" sí ti ọmọ yẹn náà.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí, tó dà bíi pé òun ló rọrùn jù. Jeffrey Arnett, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé ìpele kan lọ́tọ̀ ni ọdún 18 sí 25, tí ènìyàn kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí kò sì tíì dàgbà tán. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti ń gba ibẹ̀ látìgbà náà. Ìlànà ìjọba Nàìjíríà fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2009 ní 18 sí 35 ni ọ̀dọ́. Èyí tó jáde lọ́dún 2019 sọ ọ́ di 15 sí 29. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ ẹni ọdún 32 lọ́dún náà, sùn lọ́dọ̀ọ́, ó jí lágbà. Kò sì tíì gbéyàwó, nítorí náà ọmọ ló jẹ́ lójú ìyá wa, inú ìkòkò ìyá náà ló ti ń jẹ.

Ibi tí ọjọ́ orí ti dójú tì wá ni ọjọ́ tí a mú ọmọbìnrin méjì, ẹni ọdún 19 àti ẹni ọdún 19, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí àwọn tí yóò jókòó pọ̀ jọ ara wọn, kí ẹnu má bàa wúwo. A máa ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀, a máa ń ya àwọn tó wà nílé ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣe ìdánwò àṣejáde, àwọn méjèèjì fa igi sí "kò tíì ṣègbéyàwó", a rò pé ọ̀rọ̀ ti bára mu. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ bí òun kì í ṣe jẹun àárọ̀ torí pé òun kò fẹ́ sanra. Èkejì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní. Ó wá jáde pé ọmọ oṣù mẹ́jọ wà nílé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Wọn kò tíì ṣe ìdána, ìdí nìyẹn tó fi fa igi síbi tó fà á sí. Láti ìgbà náà títí tí a fi túká, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ kò pè é ní "ìwọ" mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ wá ń fún ọmọ yín jẹ?" Àwọn tó kù náà tẹ̀ lé e, ìjíròrò sì di ìpàdé ìyá ọlọ́mọ kan àti àwọn ọmọ méje. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà nípa bí ó ṣe ń pín ẹyin kan láàárín òun àti ọmọ ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n a kò rí ohun tí àwọn méje yòókù ìbá sọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò ní gùn. Àpótí tó kéré jù nínú fọ́ọ̀mù wa ni "kò tó ₦30,000", torí iye yẹn ni òfin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ́dún 2019. Nígbà tí a tún mú fọ́ọ̀mù náà jáde ní ìparí 2024, owó oṣù náà ti di ₦70,000 láti oṣù Keje, àpótí wa ṣì wà níbi tí a fi í sí. Kì í tilẹ̀ ṣe ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọ iṣẹ́ tó kọ òfo síbẹ̀ ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nílé ọ̀gá rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó kọ ₦45,000 ń jẹ 0-1-0, torí owó ilé àti owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ kúrò.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń wo oúnjẹ àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, tí àjọ FAO ń gbé lárugẹ. Ó pín oúnjẹ sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá, ó sì béèrè bóyá obìnrin náà jẹ ó kéré tán ọ̀wọ́ márùn-ún lánàá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí kò béèrè ohun tí ènìyàn rò, ohun tó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ ló béèrè. Mo fi àmàlà Ìbàdàn dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ aránṣọ. Àmàlà jẹ́ ọ̀kan. Gbẹ̀gìrì, èkejì. Ewédú, ẹ̀kẹta. Ẹran, ẹ̀kẹrin, bí ó bá tóbi tó láti kà, torí ohun tí kò bá tó gíráàmù 15 kò wọlé. (Àríyànjiyàn pọ́nmọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sì tíì parí.) Mo ní ọsàn kan ṣoṣo ló kù kó pé márùn-ún. Ọmọ Ìsẹ́yìn yẹn wò mí. "Àǹtí, ta ló ń bu ọsàn sínú abọ́ ọmọ iṣẹ́?"

Ìkànìyàn tó kẹ́yìn nílẹ̀ wa, ti ọdún 2006, kò béèrè ẹ̀yà, kò sì béèrè ẹ̀sìn, kí ìjà má bàa bẹ́. Àwa béèrè méjèèjì. Níbi ẹ̀yà, Yorùbá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn fa igi sí, ó sì dà bíi pé ìyẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ ìsebẹ̀. Kò yanjú nǹkan kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń ṣàárò ìkọ́kọrẹ́, ọmọ Èkìtì kò ka ohun tí kì í ṣe iyán sí oúnjẹ alẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá ní láfún funfun ni àmàlà, ìyókù ìwà ìgbéraga ni. Ọmọbìnrin kan láti Sábó fa igi sí Hausa. Èdè Ìbàdàn ẹnu rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Tùwó ló ń jẹ nílé, àmàlà ló ń jẹ níbi iṣẹ́, ó sì ní ọjọ́ tí òun bá jẹ àmàlà nílé, ìyá òun á ní òun ti di Yorùbá. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, máa ń fi tiwọn dá mi lára yá: láti ìkànìyàn 1991 ni àpótí "Black African" ti wà nínú fọ́ọ̀mù wọn, òun àti ará Sòmálíà tó ń gbé lókè ilé rẹ̀ ló jọ wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọbẹ̀ wọn fi jọra.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹ̀bi tiwa ni pátápátá. Inú oṣù Karùn-ún 2019 la mú ọjọ́ fún ẹgbẹ́ kan, láago méjì ọ̀sán, a ra mítípáì àti mínẹ́rà. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti wọlé, kò sì sí ẹni tó rántí nínú wa. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́jọ ń gbààwẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù kò lè jẹ lójú wọn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ pẹ̀lú àwọn tí ètè wọn ti gbẹ, mítípáì sì ń tutù láàárín wa. Sàárì àti ìṣínu ni gbogbo ìdáhùn wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Èyí ni mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì sọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ìdílé kò ní àpótí rárá. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní òun kì í jẹ ìgbín. Wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní kò kàn wu òun ni. Nígbà tí a jáde, ó rọra sọ fún mi pé wọn kì í jẹ ẹ́ nílé bàbá òun, pé méjì nínú àwọn tó jókòó pẹ̀lú òun jẹ́ ọmọ ìjọ òun, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní abọ̀rìṣà.

Ìwé ìtọ́ni kan wà tí àwọn oníṣẹ́ wa ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìròyìn jáde, COREQ lorúkọ rẹ̀, ti ọdún 2007. Ohun 32 ló ní kí a sọ. Ìkẹrìndínlógún ní kí a sọ irú ẹni tí àwọn tó jókòó jẹ́. Èyí tí mo ń kọ́kọ́ ṣí sí nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ìkẹtàlá: àwọn tí kò wá ńkọ́, kí ló dé? Mo ní ìwé àkójọ orúkọ tiwa lọ́wọ́, mo fi bírò pupa kọ ìdí sí iwájú àwọn tí wọn kò yọjú. Ọjọ́ ọjà ni. Ọmọ ń sunkún. Fóònù kò lọ. Ọ̀gá kò yọ̀ǹda. Ọ̀gá kò yọ̀ǹda. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, ó ń sùn. Ọ̀gá kò yọ̀ǹda. Àwọn tó ráyè jókòó fún wákàtí méjì lọ́sàn-án Sátidé la ń pè ní àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀gá kò yọ̀ǹda fún wá lọ́jọ́ kan. A ti parí, mò ń ká wáyà ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ táyà lílẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ìsinsìnyí ni ọ̀gá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí òun máa lọ. Ẹni tó ń darí wa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé àwọn ènìyàn ti pé, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Oúnjẹ ẹnì kan tí kò wá ṣẹ́kù, mo gbé e fún un. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn, ó jẹ ìrẹsì náà tán, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹran àti dòdò. Ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó ta á ní kókó.

"Ta lo ń gbé e lọ fún?" mo bi í.

"Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni, mà. Àwìn wọn ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ Ajé."

Fọ́ọ̀mù kan ṣì wà lórí tábìlì. Ó béèrè bóyá òun lè kọ ọ́, mo ní kó máa kọ ọ́. Ó fara balẹ̀ fa igi rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìbéèrè keje kò dá a dúró. Ó wojú òrùlé díẹ̀, ó ń fi ìka kà, ètè rẹ̀ ń mì: ọmọ mẹkáníìkì méjì, ọmọ tó ń ta káàdì fóònù, àwọn awakọ̀, ìyá náà fúnra rẹ̀, ọmọ ìyá náà. Ó kọ "13".

Kò lè wọ inú àtẹ, torí pé kò jókòó pẹ̀lú wọn. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi títí di òní, pẹ̀lú ìtẹ̀ka dúdú mẹ́rin létí rẹ̀.